Ife Ìyá Géérégé

Wọ́n ní ahọ́n adájọ́ kan tó ti kú ló wà nínú ife àǹtí mi. Wọ́n ní ní àràárọ̀ ló máa ń da omi gbígbóná lé e lórí, tí á dé e pa, tí á wá fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ahọ́n náà á fi jẹ́wọ́ gbogbo ìwọ̀n tó ń purọ́ ládùúgbò. Àwọn kan ní kì í ṣe ahọ́n, ojú ni. Ní ìlú kan tí a sùn sí, ìyá tó ń gbálẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì fà mí sí kọ̀rọ̀, ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé ahọ́n náà máa ń húkọ́. Mo ní rárá o, kì í húkọ́, ó kàn máa ń sín nígbà òtútù ni. Kí a tó kúrò nílùú náà, ẹni tó ta epo ọkọ̀ fún wa ti ń bi mí bóyá ó ti sín láàárọ̀ yẹn.

Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ fún àǹtí mi. Àbúrò ìyá mi ni. Ayẹ̀wọ̀nwò ni: ìjọba ló ń rán an káàkiri láti lọ wò bóyá ìwọ̀n tí àwọn oníṣòwò fi ń wọn ọjà ń sọ òótọ́. Ó ní àpótí kan tó kún fún irin ìwọ̀n, irin tí a ti mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe wúwo tó. Yóò gbé wọn lé orí ìwọ̀n oníṣòwò. Bí ìwọ̀n náà bá sọ òótọ́, a ó máa bá tiwa lọ. Bí ó bá purọ́, yóò fi wáyà àti òjé dì í pa, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi wọn ohunkóhun mọ́. Ìyá Géérégé ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Kò síbi tí a dé tí wọ́n ti ń dúró dè wá tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bí wọ́n bá rí ọkọ̀ wa lókèèrè, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín á gbé e mì, ẹni tó fẹ́ tutọ́ á fi í pamọ́ dè wá.

Òun náà kì í sì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ le bí ilẹ̀kùn báńkì. Ìyá mi máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n bí i, nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sunkún.

Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ayẹ̀wọ̀nwò ò gbọdọ̀ gba ohun jíjẹ tàbí ohun mímu lọ́wọ́ ẹni tó wá yẹ̀ wò, ì báà ṣe omi lásán. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ife ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí mi ò lè ṣiṣẹ́ láìmu kọfí, kọfí tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà sì dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò, tí wọ́n tún wá bẹ ìkòkò náà pé kó má bínú. Ó wá lọ ra ife irin kan. Ife náà ga, ìdérí rẹ̀ ń wé mọ́ ọn lẹ́nu, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín ìdérí náà kọjá, asẹ́ wáyà sì wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá. Ẹ ó da kọfí lílọ̀ sí i, ẹ ó bu omi gbígbóná lé e, ẹ ó ní sùúrù, ẹ ó wá fi ọ̀pá ti asẹ́ lọ sísàlẹ̀, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè há síbẹ̀, kí kọfí tó mọ́ sì wà lókè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe mu ún nínú ife kan náà, lórí ìrìn.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ rà á, ìwọ̀n kékeré kan tó fi ń wọn kọfí nílé ló gbé dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń gbé ife kan kalẹ̀, ó ń gbé òmíràn. Ó ń bu omi sí i, ó ń wò ó, ó ń dà á nù. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù wò ó títí ọrùn fi ń dùn ún.

"Màdáámú," ó ní, "ṣé ife lẹ fẹ́ rà ni àbí ẹran?"

"Ẹran ì bá ti dákẹ́," àǹtí mi ní. "Ẹ gbé èyí tó wà lókè yẹn wá."

Ìwọ̀n kékeré yẹn náà ń bá wa rìn. Mo máa ń sọ fún àǹtí mi pé ìyẹn nìkan ni ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò rí lórílẹ̀-èdè yìí. Yóò dá mi lóhùn pé òjé tó kù nínú àpótí òun tó láti fi di ẹnu mi pa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ìjà ni ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Onírin. Ọkùnrin yìí ń ra irin àlòkù, pàápàá bàbà àti idẹ: wáyà, páìpù, ẹnu ẹ̀rọ omi, ohun tí àwọn èèyàn tú lára ilé tí wọ́n ń tún ṣe. Ohùn gbogbo àwọn tó ń tà á fún un ṣọ̀kan pé bàbà máa ń rù lọ́nà: èyí tó wúwo nílé, bó bá dé orí tábìlì Ọ̀gá Onírin, á ti gbẹ bí ẹni tó ṣàìsàn. Léraléra ni àǹtí mi ti gbé àpótí lọ síbẹ̀. Gbogbo ìgbà náà ni ìwọ̀n rẹ̀ ń pé, tí ọkùnrin náà á jókòó sẹ́yìn tábìlì bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga, tí á máa wò wá bí ológbò tó ti jẹ ẹja tán tí ó ń bá wọn wá olè.

Nígbà tó yá, ìpadàbọ̀ wa sú u. Ó lọ bá ọ̀gá àǹtí mi ní ọ́fíìsì, ó ní ọtí ni obìnrin náà ń mu nínú ife irin yẹn látàárọ̀, pé ọtí ló ń pa á tó fi ń padà wá yẹ ìwọ̀n tó pé wò lemọ́lemọ́. Ọ̀gá náà pe àǹtí mi.

"Fi ife yẹn sílẹ̀ nílé," ó ní. "Tí ẹnikẹ́ni bá tún fi ọtí kan orúkọ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, o ò ní jáde mọ́. Inú ọ́fíìsì lo máa jókòó sí títí o máa fi fẹ̀yìn tì."

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ àǹtí mi, ẹ lè rò pé ohun rere ni kí èèyàn jókòó sábẹ́ òrùlé. Ẹ wá fi ẹṣin sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lọ́jọ́ kan, ó jókòó sí ọ́fíìsì yẹn títí tó fi jinná. Ó bá ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún jà, ó bá tòsì jà, nígbà tí èèyàn tán, ó bá fèrèsé jà. Ojú ọ̀nà ni ilé rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò mọ ohun tí yóò kù.

Mo rò pé yóò fi ife náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bí ó ṣe wọ ọkọ̀, ife náà ló kọ́kọ́ wọlé.

"Àǹtí."

"Wakọ̀."

"Níbo là ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ pé ọtí ni."

A sùn lọ́nà, ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí ògiri rẹ̀ ń ṣí bí ara ẹni tó ní làpálàpá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àǹtí mi ki kẹ́tù bọ iná kí ó lè se omi sínú fúláàsì. Kẹ́tù náà mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iná gbogbo òkè náà sì lọ. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin tó ń gba àlejò fi dé ẹnu ọ̀nà, ìbínú ti ṣíwájú rẹ̀ dé.

"Ta ló ki nǹkan bọ iná níbí?"

"Èmi ni," àǹtí mi ní. Kò yíjú padà.

"Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé ẹ má lo kẹ́tù."

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ náà pé omi gbígbóná wà nílé ìwẹ̀. Mo ti ń wá a láti àná."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi jà láàárọ̀ yìí."

"Mi ò bá ẹ jà. Ẹni tí mo bá bá jà máa ń mọ̀."

Mo tẹ̀lé ọmọbìnrin náà jáde, mo rọra sọ fún un pé kó má bínú, pé ahọ́n inú ife ni ebi ń pa, tí kò bá sì tètè rí omi, a ò mọ ẹni tí yóò dárúkọ. Ó wò mí lókè-nílẹ̀. Kò pẹ́, ó gbé omi tó ń hó wá láti ilé ìdáná, ó na ọwọ́ rẹ̀ gbọọrọ síwájú bí ẹni tó ń fún kìnnìún lóúnjẹ. Bó ṣe gbé e sílẹ̀ ló sáré lọ.

"Kí lo sọ fún ọmọ yẹn?" àǹtí mi bi mí.

"Mo ní ẹ kí i."

"Mi ò kí ẹnikẹ́ni."

Ọ̀sán kò tíì pọ́n nígbà tí a dé ọgbà Ọ̀gá Onírin. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, irin jíjẹrà gùn lé ara wọn dé òrùlé, ajá kan tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ àtijọ́ sì ń gbó wa bíi pé ó ti gbọ́ ẹ̀sùn náà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì dúró sí àárín ọ̀nà.

"Ọ̀gá ò sí," ó ní.

Láti inú ilé, a ń gbọ́ Ọ̀gá Onírin tó ń pariwo mọ́ ẹnì kan.

"Ohùn ta nìyẹn?" àǹtí mi bi í.

"Ohùn ọ̀gá ni." Ó ronú díẹ̀. "Ohùn nìkan ló wà."

"Ó dáa. A máa dúró de ara tó kù."

Ó tẹ́ aṣọ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ kọfí níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ṣe é nínú ọkọ̀, mo bẹ̀ yín. Ẹ rántí ohun tí ọ̀gá yín sọ."

"Ta ló bí ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni."

"Òun náà ò gbọ́n."

Ó wọn èso kọfí lórí ìwọ̀n kékeré, ó yọ ẹyọ kan kúrò, ó dá ìdajì rẹ̀ padà. Ó dà á sínú ọlọ ọlọ́wọ́, ó lọ̀ ọ́. Kì í lọ̀ ọ́ kúnná. Bí iyanrìn etí odò ló máa ń fi í sílẹ̀, nítorí èyí tó bá kúnná jù á gba ojú asẹ́ kọjá, á sì sọ ẹnu di ẹrẹ̀. Ó ṣí fúláàsì, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ooru inú rẹ̀ lè rọlẹ̀, torí ó ní omi tó ń hó máa ń jó kọfí, kọfí tó bá sì jó máa ń gbẹ̀san. Ó kọ́kọ́ bu omi díẹ̀ sí i, kí kọfí náà rin. Ó wú, ó hó fùkẹ̀fùkẹ̀. Ó wá bu ìyókù sí i títí ó fi dé ojú ìlà tó wà nínú ife, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ àti ìlà náà lè dọ́gba, ó fi ẹ̀kán omi kan kún un. Ó rò ó, ó dé e. Ìgbà tí kọfí bá ń sinmi, àǹtí mi kì í sọ̀rọ̀, kì í wo ibòmíràn. Bí ẹ bá rí i níbi tó dúró sí tó tẹjú mọ́ ìdérí ife, ẹ̀yin náà ẹ ó wá ahọ́n nínú rẹ̀.

Àwọn tó wá ta irin ti kóra jọ sí ẹnu géètì. Oníṣẹ́ páìpù omi kan wà lára wọn, báàgì tó kún fún ẹnu ẹ̀rọ omi àtijọ́ ló gbé kọ́ èjìká.

"Ìyá náà nìyẹn," ó ní fún ẹnì kejì rẹ̀. "Wọ́n ní ó máa ń bá a sọ̀rọ̀."

"Òun kọ́ ló ń sọ̀rọ̀," mo ní. "Ó ń gbọ́ ni."

Àǹtí mi fọwọ́ lé orí ọ̀pá, ó tẹ̀ ẹ́ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ asẹ́ sá gòkè. Ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ohùn inú ilé yẹn kígbe jáde.

"Jẹ́ kí ọ̀mùtí yẹn wọlé. Kí gbogbo yín náà wá wò ó."

Ẹ̀ṣọ́ yà kúrò lọ́nà. Àǹtí mi gbé ife náà dání, kò tíì tọ́ ọ wò. Ó ní kí n dúró ti àpótí nínú ọkọ̀, kí n má gbé e wá àfi tí òun bá pè mí. Mo ṣí ọkọ̀ sílẹ̀, mo sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kí ojú mi lè tó wọn.

Yàrá náà gbóná, òórùn idẹ bo ibẹ̀ bí òórùn ẹnu aláìsàn. Ọ̀gá Onírin jókòó sẹ́yìn tábìlì onígi, ìwọ̀n ńlá olójú róbótó wà níwájú rẹ̀, ó sì kọ ojú ìwọ̀n náà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn, kí wọ́n má baà ní ó ń fi nǹkan pamọ́. Kò dìde.

"O tún gbé e wá," ó ní.

"Mo gbé e wá."

"Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ọ̀gá ẹ sọ fún ẹ. Ojú ò tì ẹ́. Obìnrin àgbà."

"Ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi."

Ó na ọwọ́ gígùn rẹ̀ kọjá tábìlì, ó já ife náà gbà. Ó gbé imú lé ihò ìdérí, ó fà á símú, ó dúró, ó tún fà á. Gbogbo yàrá ti gbóòórùn rẹ̀ nígbà yẹn. Òórùn kọfí dáadáa kì í fara pamọ́. Ó sì ń wò wá bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀.

"Ó fi kọfí bo ọtí mọ́lẹ̀ ni," ó ní. "Wọn ò lè tàn mí. Ọ̀gá ẹ ni màá pè báyìí, ká jọ gbọ́ ohun tó máa sọ."

Ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ wà ní àpò, ife gbígbóná wà lọ́wọ́, òun ò sì fẹ́ dìde. Ó gbé ife náà ka ibi tó sún mọ́ ọn jù lọ. Orí àwo ìwọ̀n ni. Ọwọ́ ìwọ̀n náà gbéra, ó rìn, ó sì dúró kí ó tó dé ibi tí wọ́n kọ oókan sí. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Fóònù ni gbogbo wọn ń wò. Àǹtí mi nìkan ló ń wo ìwọ̀n.

Fóònù dún. Ọ̀gá àǹtí mi gbé e, ohùn rẹ̀ sì kún yàrá náà, torí Ọ̀gá Onírin ti ṣí i kí gbogbo ayé lè gbọ́.

"Obìnrin yín ti tún dé o," Ọ̀gá Onírin ní. "Ọtí ti ń rùn níbi gbogbo."

"Ṣé ife yẹn ló tún gbé dání?" Ohùn ọ̀gá náà ti rẹ̀, bí ẹni tó ti ń tẹ́ àga tí àǹtí mi máa jókòó sí.

"Ó wà níwájú mi báyìí."

"Fún un ní fóònù."

Àǹtí mi ò gba fóònù. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì pè mí bí ẹni tó ń pe ọmọ tó fẹ́ rán níṣẹ́ ilé.

"Gbé àpótí wá."

Mo gbé e. Irin inú rẹ̀ ń kọlu ara wọn bí mo ṣe ń bọ̀, gbogbo èèyàn sì mọ ìró yẹn. Ọ̀gá Onírin mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Bí mo ṣe fẹsẹ̀ kan wọlé, orúnkún rẹ̀ ṣí díẹ̀ lábẹ́ tábìlì, bí orúnkún ẹni tí kòkòrò jẹ. Mi ò rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ìgbàkígbà tí àpótí yẹn bá ti wọlé, ohun tí orúnkún náà ń ṣe nìyẹn. Àmọ́ àwọn ìgbà yẹn, àwo ìwọ̀n máa ń ṣófo.

Lọ́tẹ̀ yìí, ife wà lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ìwọ̀n tó ti dúró jẹ́jẹ́ tún gbéra, ó rìn lọ síwájú, ó sì lọ dúró sí ojú oókan géérégé.

Ajá ìta nìkan ló ń gbó.

"Ọ̀gá," oníṣẹ́ páìpù omi ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "kí ló kó wọnú ife yẹn báyìí?"

"Atẹ́gùn ni," Ọ̀gá Onírin ní.

"Atẹ́gùn wo? A ń làágùn níbí."

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀?" ohùn inú fóònù bèèrè. "Ẹ dá mi lóhùn."

Àǹtí mi ti kúnlẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ tábìlì, ó sì di nǹkan kan mú: ọ̀pá irin kékeré kan tí wọ́n dè mọ́ ìdí ìwọ̀n, tí orí rẹ̀ bá orúnkún ẹni tó jókòó lórí àga ṣe déédéé. Ó tì í, ọwọ́ ìwọ̀n sọ̀kalẹ̀. Ó fà á, ó gòkè. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹni tó wà lẹ́yìn náà lè rí i.

"Sà," ó sọ sí fóònù láti ilẹ̀ níbẹ̀, "mo ti rí ẹni tó ń mu bàbà. Ọ̀rọ̀ ọtí, ẹ wá tọ́ ọ wò fúnra yín."

Ọ̀gá náà ní, "Dì í pa. Mo ń retí ẹ lọ́jọ́ Ajé." Ó húkọ́. "Láti wá gba ọ̀nà tuntun."

Oníṣẹ́ páìpù omi ti da ẹnu ẹ̀rọ omi rẹ̀ sílẹ̀ wìì, ó ní kò sẹ́ni tó máa kúrò níbẹ̀ títí wọn á fi tún gbogbo èyí tóun ti ń tà láti ọdún tó kọjá wọ̀n. Àwọn tó kù ń tì ara wọn wọlé. Ọ̀gá Onírin ṣì jókòó. Ó dà bíi pé ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dìde. Ẹnì kan fẹ́ dì mọ́ àǹtí mi láti dúpẹ́.

"Ẹ kúrò lára mi," ó ní. "Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú. Ṣé ẹ̀yin náà ò ní ojú tẹ́lẹ̀ ni?" Ó fi wáyà wé ọrùn ìwọ̀n náà, ó fi òjé dì í pa.

Nígbà tí a padà dé inú ọkọ̀, ó tọ́ kọfí rẹ̀ wò. Ó ti pẹ́ jù lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ó ti korò. Ó mu ún tán, ó ń bú Ọ̀gá Onírin bó ṣe ń gbé e mì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nítorí bàbà àwọn èèyàn, nítorí kọfí náà ni.

"Ẹ tiẹ̀ bá ire pàdé," mo ní. "Ẹ ti ń wá bí ẹ ṣe máa gbé ife yìí sórí ìwọ̀n rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Òun ló bá yín gbé e."

"Wakọ̀."

Ẹ̀ṣọ́ ń ṣí géètì fún wa. Ó tẹ̀ mọ́ fèrèsé mi, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé gbogbo wọn ló gbọ́ ọ nínú lọ́hùn-ún nígbà tí ahọ́n náà dárúkọ ọ̀gá àwọn. Mo ní òótọ́ ni, ó tiẹ̀ fẹ́ dárúkọ tirẹ̀ náà, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Ó kí wa títí a fi yà ní kọ́nà.

Ife àǹtí mi, bí kọfí àti omi bá dé ojú ìlà nínú rẹ̀, kìlò kan ni.